Nọ́ńbà 47 kì í ṣe kílò kan: bí èlùbọ́ Alhaja ṣe ń dín ní Kubwa

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kìíní, ọyẹ́ ti bo gbogbo Abuja bí eérú, ni Alhaja pè mí. Kò jẹ́ kí n kí i tán. "Ẹnjiníà, tètè wá bá mi wo ẹ̀rọ yìí o. Tí kì í bá ṣe ẹ̀rọ, a jẹ́ pé olè ni."

Ọmọ Òkè-Ògùn ni Alhaja. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta èlùbọ́ ní Kubwa. Mudu, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà, ló fi ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ bíi ti gbogbo ọjà agbègbè yìí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í sínú ọ̀rá kílò kan pẹ̀lú orúkọ lára. Àwọn onísọ́ọ̀bù ní Gwarinpa, Dutse àti Bwari ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo bá a to ẹ̀rọ tó ń wọn èlùbọ́ sínú ọ̀rá, nítorí náà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i, èmi ni wọ́n máa ń pè, ìgbà míì kó tó di pé wọ́n wò ó bóyá wọ́n ti tan iná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé oníbàárà kan ní Gwarinpa dá ọ̀rá 60 padà. Ó gbé mẹ́ta lé sìkéèlì tirẹ̀ níwájú ọmọ tó gbé ọjà lọ, ó sì rí 982, 977, 980 gíráàmù. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní owó òun ni òun ń fẹ́.

Èèyàn mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Alhaja fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń dì í láàárọ̀ tó sì ń lẹ ẹnu ọ̀rá lọ́sàn-án, àti ọmọkùnrin kan láti apá Ọ̀ffà tó ń gba ọwọ́ ẹ̀rọ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Alhaja wọn ọjà tó kù nílẹ̀, ti àárọ̀ pé, ti ọ̀sán dín. Kí ni wọ́n tún ń wá? Kí n tó dé, ọmọkùnrin yẹn ti wà lábẹ́ ojú olè fún ọjọ́ mẹ́ta, owó oṣù rẹ̀ sì ti wọ àpò Alhaja padà. Ó kí mi, "Ẹ kú ọ̀sán, bọ̀ọ̀dá," ó sì dojú kọlẹ̀. Mi ò fẹ́ràn bí ìkíni yẹn ṣe dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lókè ni họ́pà wà, àrọ ńlá onírin tó ń gba èlùbọ́ bíi kílò 25. Lábẹ́ rẹ̀ ni irin róbótó kan dùbúlẹ̀ sí, ihò kan wà lára irin náà, a ó sọ pé yàrá ni. Tí o bá gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè, ẹnu yàrá náà yóò kọjú sí họ́pà, èlùbọ́ yóò já sínú rẹ̀. Tí o bá fa ọwọ́ náà wálẹ̀, irin yóò yí, yàrá yóò dojú dé, èlùbọ́ yóò bọ́ sínú ọ̀rá tó ń dúró dè é. Ìsàlẹ̀ yàrá yìí kì í dúró lójú kan: sukúrù kan ló ń tì í wọlé tó sì ń fà á síta. Fà á síta, yàrá fẹ̀. Tì í wọlé, yàrá kéré. Nọ́ńbà wà lára sukúrù náà láti 0 dé 100.

Kò sí ohun tó mọ ìwúwo nínú gbogbo rẹ̀. Kóńgò onírin tí ìdí rẹ̀ ṣeé sún ni.

Ṣùgbọ́n lára ẹ̀rọ náà, Alhaja ti fi ọ̀dà èékánná pupa kọ ọ́ gàdàgbà: 47. Ó wà nínú ìwé rẹ̀ náà, láti oṣù kẹjọ: "47 = kílò 1." Nígbàkígbà tí wọ́n bá tú ẹ̀rọ náà fọ̀, 47 ni wọ́n ń dá a padà sí, ọkàn wọn á sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wá ẹ̀bi níbi tí kò sí. Mo gbé òkúta ìwọ̀n mi, bàbà kílò kan tí mo máa ń gbé kiri, lé sìkéèlì wọn. Ó ka 1,003, ó ka 998, ó ka 1,001, kò dúró. Mo wòkè, mo rí fáànù tó ń yí lórí wa. Mo ní kí wọ́n pa á, sìkéèlì sì dúró sí 1,000 gédégédé. Ọ̀rọ̀ fáànù yìí, mi ò mọye ṣọ́ọ̀bù tí mo ti sọ ọ́, wọ́n á pa á lójú mi, wọ́n á tún tàn án tí mo bá ti lọ, torí ooru kì í gbọ́ àlàyé. Mo wo bóyá ilẹ̀ tí sìkéèlì jókòó lé tẹ́jú. Ó tẹ́jú. Mo wọn ọ̀rá òfìfo, gíráàmù 11, mo sì rí i pé ọmọbìnrin yẹn máa ń gbé ọ̀rá òfìfo lé e kó tó tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo. Ìyẹn náà kò ní ẹ̀bi.

Sukúrù ni mo wá bẹ̀ wò. Mo yí i wọlé dé 40, mo wá yí i síta wá sí 47, mo wọn ọ̀rá mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, mo yí i síta dé 55, mo yí i wọlé padà sí 47 kan náà, mo tún wọn mẹ́ta. Gíráàmù 6 ló wà láàárín wọn, orí nọ́ńbà kan ṣoṣo! Kò sí idán níbẹ̀. Eyín sukúrù àti eyín ihò tó wọ̀ máa ń ní àlàfo díẹ̀ láàárín, pàápàá tí ẹ̀rọ bá ti gbó. Tí o bá yí i padà lójijì, sukúrù yóò kọ́kọ́ jẹ àlàfo yẹn kó tó ti ohunkóhun. Nọ́ńbà yóò ti kúrò lójú kan, ìdí yàrá yóò ṣì wà níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa gbà dé ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi yan síta. Tí mo bá fẹ́ fi kún un, mo yí i síta, ó tán. Tí mo bá fẹ́ dín in kù, mo máa yí i wọlé kọjá ibi tí mo ń lọ, kí n tó wá rọra yí i bọ̀ síta.

Nọ́ọ̀tì tó ń dè é mọ́lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Mo wọn ọ̀rá kan, ó pé. Mo fi sípánà fún nọ́ọ̀tì le, mo tún wọn òmíràn, gíráàmù 3 ti lọ. Bí nọ́ọ̀tì bá ń le, ó ń fa sukúrù díẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n kó tó de nọ́ọ̀tì, nǹkan tí kò ní sí mọ́ ló wọ̀n.

Inú mi dùn sí ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n gíráàmù 6 àti 3 kò lè di 20. Ó tún wà pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan sukúrù láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán. Mo sọ fún Alhaja pé mo ń bọ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni má fa ọwọ́ ẹ̀rọ kí n tó dé.

Aago méje kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, họ́pà kún fún èlùbọ́ tó sun inú rẹ̀ mọ́jú. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo jókòó ti sìkéèlì, mo kọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ sílẹ̀:

1006, 1004, 1005, 1001, 1002, 998, 999, 996, 997, 994.

Mo pín in, ó jẹ́ 1,000 ó lé díẹ̀. Alhaja gbójú sókè. "Ṣé o rí i? Ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan." Lóòótọ́, ẹni tó bá wo ohun tí a pín nìkan yóò lọ sílé lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka tọ àwọn nọ́ńbà yẹn láti òsì sí ọ̀tún. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo bi ọmọbìnrin náà pé mélòó ló máa ń wọ̀n lójúmọ́. Ó ní ọ̀kan, èyí àkọ́kọ́, tó bá ti pé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan àkọ́kọ́! Nínú ọ̀rá bíi 200 tí wọ́n ń dì lójúmọ́, èyí tó wúwo jù lọ ni wọ́n ń wò.

A ń bá a lọ. Nígbà tó máa fi di aago mọ́kànlá, họ́pà ti sọ̀ kalẹ̀. Mallam tó ń bá Alhaja lọ̀ ọ́ gbé àpò kan dé láti ẹ̀rọ ìlọ̀, èlùbọ́ náà ṣì gbóná lọ́wọ́, wọ́n sì dà á sínú họ́pà bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Mo kọ mẹ́wàá míì:

981, 978, 983, 976, 985, 979, 982, 977, 974, 980.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 980 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alhaja yí ojú sí ọmọ náà, kò sọ̀rọ̀. Mo ní kí ọmọ dìde, kí ọmọbìnrin jókòó síbẹ̀, kó fà á kíá bíi tirẹ̀, èlùbọ́ kan náà, họ́pà kan náà. Ó fa márùn-ún: 979, 982, 976, 981, 978.

Ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́. Ọmọkùnrin yẹn kò rẹ́rìn-ín, kò sọ pé "ṣé ẹ rí i". Ó kàn lọ gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá ibi tí kò dọ̀tí.

Kí n má bàa purọ́, ọwọ́ èèyàn náà ní tirẹ̀ láti kó. Ọmọkùnrin yìí ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ fàà, kíá, torí ọ̀sán ni ọjà ń wọ mọ́tò. Ọmọbìnrin a máa rọra gbé e sókè, a dúró, a fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan, kó tó fà á wálẹ̀. Nígbà tí mo ní kí ẹnì kan ṣoṣo fà á lọ́nà méjèèjì, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ gíráàmù 4 tàbí 5. Yàrá náà ń fẹ́ àsìkò díẹ̀ kó tó kún. Àmọ́ ìyẹn kò tó kí a fi olè sí i lórí.

Mo wá bi Alhaja ní ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé yóò bí i nínú. Mo ní, "Alhaja, ẹ má bínú o. Nígbà tí ẹ ṣì ń fi mudu tà, tí ẹ bá fẹ́ kí mudu kún láìjẹ́ pé èlùbọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, báwo lẹ ṣe máa ń dà á?"

Ó kọ́kọ́ ranjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Wà á fi ọwọ́ tú u, wà á bù ú láti òkè, wà á jẹ́ kó máa já wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Tí o bá wá gbá mudu yẹn nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, ojú á tì ọ́, á wálẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà." Bó ti ń sọ ọ́ ló dákẹ́. Ó wo àpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀rọ ìlọ̀ dé. "Hẹ̀n-ẹ́n," ló ní.

Ohun tó yí padà láti oṣù kẹjọ nìyí. Nígbà yẹn, èlùbọ́ tó ti lọ̀ tán ló ń rà láti Ṣakí. Àpò ni wọ́n dì í sí, mọ́tò gbé e gba inú gálọ́ọ̀pù láti Òkè-Ògùn títí dé Abuja, gbogbo ọ̀nà ló ń mì jìgìjìgì. Kó tó dé Kubwa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti jáde, ó ti jókòó. Orí èlùbọ́ yẹn ni wọ́n ti rí 47. Ní oṣù kejìlá, Alhaja rí i pé ó dín owó kù tí òun bá ra gbodo, iṣu gbígbẹ tí a kò tíì lọ̀, kí òun máa lọ̀ ọ́ níbí. Asẹ́ ẹ̀rọ Mallam sì kúnná ju ti Ṣakí lọ. Èlùbọ́ tó kúnná tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Inú yàrá kan náà, orí 47 kan náà, tí ìdì rẹ̀ kò ki, kò lè wúwo tó ti tẹ́lẹ̀.

Mo fi hàn wọ́n pẹ̀lú ìgò ike kan tí èèyàn lè rí inú rẹ̀. Mo bu èlùbọ́ gbígbóná yẹn kún un dé ọrùn, mo wá ń gbá ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì, kọ́, kọ́, kọ́, nígbà 50. Gbogbo wa ń wò ó bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo dúró, ààyè tó fẹ̀ tó ìka méjì ti ṣí sílẹ̀ lókè. Ẹyọ kan kò bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe wá so kọ́ra. Èlùbọ́ tó bá kù sí họ́pà lálẹ́ máa ń jókòó mọ́jú, nítorí náà ọ̀rá àkọ́kọ́ láàárọ̀ á pé, á tiẹ̀ lé. Bí họ́pà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹrù tó ń tẹ ti ìsàlẹ̀ ń fúyẹ́, ìwọ̀n á máa dín. Lọ́sàn-án ni èlùbọ́ tuntun dé, tó fúyẹ́, ọmọkùnrin yẹn sì ni ọ̀sán bọ́ sí lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ ni aago tí wọ́n yàn fún un.

Ibi tí mo ti kọ́ ọ̀nà mẹ́wàá-mẹ́wàá yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ọdẹ ni bàbá mi. Àdó kékeré kan ló fi ń wọn ẹ̀tù fún ṣakabùlà rẹ̀, a sì máa fi èékánná àtàǹpàkò gbá àdó náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dà á sínú ìbọn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni nígbà gbogbo. Mo rò pé ètùtù ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà lórí fídíò, àwọn tó ń fi ẹ̀tù kún kátíríìjì, ìyẹn ìkarahun ọta, tí wọ́n ti yìn, kí wọ́n lè tún un lò. Níbẹ̀, òfin fàyè gbà á. Nílẹ̀ wa, òfin ìbọn kò gbà kí èèyàn máa ṣe ọta nínú ilé, ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù bí ti Alhaja ló rí gẹ́lẹ́, àfi pé ó kéré: họ́pà lókè, irin róbótó, yàrá, sukúrù tó ní nọ́ńbà, ọwọ́ tí wọ́n ń gbé sókè sódò. Ìwọ̀n tiwọn kéré débi pé grain ni wọ́n fi ń kà á, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Bí tiwa bá dín, oníbàárà yóò dá a padà. Bí tiwọn bá lé, ìbọn lè fọ́ mọ́ni lójú. Nítorí náà wọn kì í gbọ́ ti nọ́ńbà orí sukúrù rárá. Tí wọ́n bá tún un ṣe, wọ́n á da díẹ̀ padà sínú họ́pà kí ẹ̀tù lè fìdí kalẹ̀, wọ́n á wọn mẹ́wàá, wọ́n á sì máa dáwọ́ dúró lóòrèkóòrè láti tún wọ̀n. Wọ́n tún máa ń fi páànù kan há inú họ́pà, kí ẹrù òkè má bàa tẹ ti ìsàlẹ̀.

Páànù yẹn ni mo jí kọ́. Mo gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ láàárín bí òrùlé ilé, mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo gbé e sínú họ́pà bí ìbú ọwọ́ kan sókè irin róbótó. Bí họ́pà kún, bí kò kún, ohun tó wà lábẹ́ òrùlé yẹn nìkan ló ń tẹ ẹnu yàrá. Ihò tí mo kọ́kọ́ lù kéré jù, èlùbọ́ so há síbẹ̀ bí afárá, ọ̀rá méjì jáde ní ìdajì. Mo mú un jáde, mo tún un lù kó fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fi ọ̀dà fa ìlà méjì sára họ́pà: èlùbọ́ kò gbọdọ̀ kọjá tòkè, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju tìsàlẹ̀.

Èlùbọ́ tó bá sì ti ẹ̀rọ ìlọ̀ dé kò gbọdọ̀ wọ họ́pà lọ́jọ́ náà mọ́. Kó sùn nínú àpò mọ́jú, kí wọ́n gbé àpò náà gbá ilẹ̀ bí ìgbà mélòó kan kí wọ́n tó tú u. Alhaja kùn lórí èyí, torí ó túmọ̀ sí pé owó ọjọ́ kan yóò máa dúró sílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ibi tó ti kùn jù ni ibi tí mo ti ní kí a má ṣe fojú sun 1,000, kí a fojú sun 1,004. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé: "Gíráàmù 4 lọ́nà 200, 800 gíráàmù. Ó kù díẹ̀ kó di kílò kan lójoojúmọ́. Ẹnjiníà, sàárà lo fẹ́ kí n máa ṣe?" Mo ní kì í ṣe sàárà. Ẹ̀rọ kankan kò lè fún ọ ní 1,000 lẹ́ẹ̀mẹwàá léraléra. Yóò máa fi díẹ̀ lé, yóò máa fi díẹ̀ dín. Tí o bá fojú sun 1,000 gan-an, ìdajì ọ̀rá rẹ ni yóò dín. OIML, àjọ àgbáyé tó ń rí sí òfin ìwọ̀n, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Paris, ní ìlànà kan lórí ọjà tí a ti dì, R 87 ni wọ́n ń pè é. Ohun tó sọ ni pé tí a bá pa ìwọ̀n ọjà pọ̀ tí a pín in, kò gbọdọ̀ dín sí ohun tí a kọ sára rẹ̀. Fún ọ̀rá kílò kan, a lè rí èyí tó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n gíráàmù 15 ni ààlà. Ìwọ̀nba kín-ún ló lè kọjá rẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Mo wá ní kó wo mẹ́wàá ti ọ̀sán. Nínú mẹ́wàá, ẹyọ kan ṣoṣo ló dé 985, orí ààlà ló sì jókòó sí. Òfin ìwọ̀n wà nílẹ̀ Nàìjíríà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà. Kò dìgbà tí aláṣẹ bá kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rá 60 ti kan ilẹ̀kùn ná, pẹ̀lú owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa, 1,004. Má sọ 1,005 fún mi o."

Lọ́jọ́ kẹta, èlùbọ́ ti sùn. Mo yí sukúrù láti inú bọ̀ síta, mo de nọ́ọ̀tì kó tó di pé mo wọn ohunkóhun, mo da márùn-ún padà sínú họ́pà. Mo wá ní kí ọmọkùnrin yẹn jókòó, kó rọra gbé e, kó dúró, kó gbá a lẹ́ẹ̀kan, kó fà á. Alhaja ló ń ka sìkéèlì, èmi ló ń kọ:

1006, 1003, 1005, 1002, 1004, 1005, 1003, 1001, 1006, 1004.

A tún wọn mẹ́wàá ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kún họ́pà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kéré jù jẹ́ 1,000, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 1,007. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Láti ìgbà yẹn, ìwé wọn ní ìlà mẹ́rin fún àpò kọ̀ọ̀kan: irú èlùbọ́ tó jẹ́ àti ibi tó ti wá, ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́, nọ́ńbà tí sukúrù wà, àti mẹ́wàá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn mẹ́wàá yẹn, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń wọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Alhaja kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú mi, mi ò sì retí rẹ̀. Àgbà ni. Ohun tí mo rí ni pé ó ní kí ọmọbìnrin lọ ra àsítóònù ní ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò ìṣaralóge, ó fún ọmọkùnrin yẹn, ó ní, "Bá mi nu 47 yẹn kúrò lára ẹ̀rọ." Nígbà tó nu ún tán, ó pè é wọ ẹ̀yìn ilé. Owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde, àti abọ́ àmàlà kan tó ní ẹran mẹ́ta, ẹni tó bá mọ Alhaja mọ iye tí ẹran mẹ́ta jẹ́.

Ó di oṣù kẹrin, òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, kó tó tún pè mí. Ẹ̀rọ Mallam ti bàjẹ́, Alhaja sì ti ra àpò mélòó kan tó ti lọ̀ tán láti Ṣakí. Ọkàn mi ti fò sókè kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó ń lé," ló ní. "1,019 ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọ yìí ló rí i, ó ní kí gbogbo wa dúró, kò tíì dì ju ọ̀kan lọ. Mo ti yí i wọlé kọjá, mo ti ń yí i bọ̀ síta. Mo ti de nọ́ọ̀tì. Mélòó lo ní ká dà padà?"

"Márùn-ún, mà."

"A ti dà á."

Mo gbọ́ ìró ọwọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó lọ sókè, ó dúró, pá, ó wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọkùnrin yẹn: "Ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rin, mà." Alhaja ti pa fóònù.